Etí Mi Wú, Ṣùgbọ́n Ibi Yẹtí Kò Wú

Òru ló bẹ̀rẹ̀. Mo fi etí ọ̀tún lé ìrọ̀rí, ìrora ló jí mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, etí ti wú, ó pọ́n, ó ń gbóná. Wọ́n ní kòkòrò àìsàn ni, wọ́n fún mi ní oògùn apakòkòrò. Ó lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo sì gbà pé oògùn ló ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó yọjú létí òsì. Oríkèé ọwọ́ tẹ̀ lé e, ojú ń pọ́n, igi imú ń dùn mí. Dókítà etí ń wo etí, dókítà ojú ń wo ojú. Ọdún mẹ́ta gbáko!

Ẹni tó wá mọ̀ ọ́n fi ìka méjì di ìsàlẹ̀ etí mi mú, níbi tí mo ń fi yẹtí sí. Kò dùn mí. Ó fọwọ́ kan òkè rẹ̀ díẹ̀, mo kígbe. Ó ní, "Ibi tí kò dùn yín yìí ni kò ní eegun rírọ̀." Relapsing polychondritis ni: àwọn ọmọ ogun ara ló ń gbógun ti eegun rírọ̀. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan pàtó tó ń fi í hàn. Àmì ni wọ́n ń kà. Ìlànà tí dókítà McAdam àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1976 ní àmì 6, ó ní 3 tó. Tèmi jẹ́ 4.

Prednisolone, oògùn tó ń dín wíwú kù, mú un rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, mo sunkún. Wọ́n fi methotrexate, oògùn tó ń dẹ àwọn ọmọ ogun ara lọ́wọ́, kún un kí wọ́n lè máa dín prednisolone kù díẹ̀díẹ̀. Igi imú mi ti tẹ̀ wọlé; ìyẹn kò padà.

*

Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò. Tèmi kò kọ́kọ́ mú etí rárá. Ohùn mi há, ikọ́ kò dáwọ́ dúró. Wọ́n ní ikọ́ fée ni. CT scan, ìyẹn àwòrán inú ara, tí wọ́n yà nígbà tí mo fa èémí sínú kò fi nǹkan kan hàn. Ìgbà tí wọ́n ní kí n mí jáde ni wọ́n tó rí i pé ọ̀nà èémí mi ń pàdé mọ́ra, ó ti rọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè fún CT ìgbà tí èèyàn ń mí jáde yìí bí ẹ kò tilẹ̀ húkọ́. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ èyíkéyìí fún yín, ẹ tètè sọ fún wọn, torí rọ́bà tí wọ́n ń fi sí ọ̀fun lè dá wàhálà sílẹ̀.

*

Ní tiwa, bàbá mi ni; wọ́n lé ní 70 ọdún. Etí tiwọn náà ń wú, ṣùgbọ́n ibà ń ṣe wọ́n, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ń dín kù. Wọ́n yẹ jíìnì UBA1 wò: VEXAS ni, àìsàn mìíràn tó jọ ọ́, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá mọ̀ ní 2020.

*

Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì ya irú CT tí ẹ sọ yẹn rí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa rí dókítà mi. CT náà ni n ó kọ́kọ́ béèrè fún.