Dádì, Ẹ Bọ́ Ṣẹ́ẹ̀tì Yín

Àwọn ìyá ni mo sábà máa ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ ìtàn ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Ẹ jẹ́ kí èmi bàbá náà sọ tèmi, nítorí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé bá mi, mi ò rí ọkùnrin kan tí mo lè bi pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n ṣe?"

Káfíńtà ni mí. Àkúrẹ́ níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ Arákalẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. A ti bí ọmọbìnrin kan tẹ́lẹ̀, Tọ́pẹ́. Nígbà tí oyún kejì dé, kíákíá ni ikùn ìyàwó mi yọ. Síkáànù àkọ́kọ́ ní ìbejì ni. Oyún náà wọ oṣù karùn-ún, a tún lọ ṣe òmíràn. Ẹni tó ń ṣe é ń yí ẹ̀rọ yẹn kiri lórí ikùn, ó dákẹ́, ó tún yí i padà, ó ní, "Mọ́mì, ẹnì kẹta fara pamọ́ sẹ́yìn níbí." Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi ti ń ṣírò owó.

Dókítà kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún wa. Ó ní ìbẹ́ta kì í sábà dúró di ọ̀sẹ̀ 37 bí ọmọ kan ṣoṣo, pé ká máa retí wọn ní bí ọ̀sẹ̀ 32 tàbí 33. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n mo rò pé àdúrà á fi díẹ̀ kún un.

Ọ̀sẹ̀ 30 àti ọjọ́ 4 ló di. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni, òjò ń rọ̀ gan-an. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú òkùnkùn: "Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ dìde. Bẹ́ẹ̀dì ti tutù." Omi ti tú.

Ibi tó ti ń gba ìtọ́jú oyún la kọ́kọ́ sáré lọ. Wọ́n ní ínkúbétọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru, ẹyọ kan làwọn ní, ọmọ sì wà nínú rẹ̀. Wọn ò gún un ní abẹ́rẹ́ kankan, wọn ò kọ lẹ́tà lé wa lọ́wọ́, wọ́n kàn ní ká máa lọ. Mi ò ní dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí dòní. Obìnrin tó gbé ọmọ mẹ́ta sínú, ẹ tì í síta nínú òjò láàjìn! Ibi kejì tí a dé ni wọ́n ti gbà wá.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ nípa abẹ́rẹ́ kan tó yẹ kí gbogbo bàbá tó ń retí ju ọmọ kan lọ mọ̀. Wọ́n ní ẹ̀dọ̀fóró àwọn ọmọ ló wà fún, kí wọ́n lè mí bí wọ́n bá jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n máa gún un fún ìyá, wákàtí méjìlá-méjìlá síra wọn. Wọ́n wá fún un ní oògùn mìíràn tó máa fa ìrọbí sẹ́yìn díẹ̀, kí abẹ́rẹ́ náà lè pé. Èmi kàn ń wo aago. Ìyá ìyàwó mi ti dé láti Oǹdó, wọ́n ní kí n má bẹ̀rù, pé ọmọ olóṣù méje ń yè, olóṣù mẹ́jọ ni kì í yè. Dókítà ò bá wọn jiyàn, ó kàn ní, "Màámi, ọjọ́ kan tí wọ́n bá tún lò nínú ikùn, èrè ni. Oṣù mẹ́jọ dára ju méje lọ." Mo rí i pé ẹnu yà wọ́n, nítorí gbogbo ayé wọn ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Táíwò wọn kílò 1.35. Kẹ́hìndé wọn 1.2. Ẹ̀ta Òkò ò pé kílò kan, gíráàmù 980 ni, kò sì ké. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, mo ń gbọ́ igbe méjì, mo ń retí ẹ̀kẹta. Ó pẹ́. Nígbà tó yá ni mo gbọ́ nǹkan kan tó dà bí ọmọ ológbò, ẹ̀ẹ̀kan péré. Orí bẹ́ǹṣì ni mo jókòó sí, mi ò lè dìde mọ́.

Kí wọ́n tó jẹ́ kí n wọ ibi tí wọ́n kó wọn sí, wọ́n ní kí n fọ ọwọ́ dé ìgúnpá. Ìyẹ̀fun pákó wà lábẹ́ èékánná mi, irú èyí tó ti di ara èèyàn. Nọ́ọ̀sì àgbà yẹ ọwọ́ mi wò, ó dá mi padà. Mo tún fọ̀ ọ́, ó tún dá mi padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, inú ti ń bí mi.

Ìwọ̀n ni mo fi ń jẹun, nítorí náà ojú mi ò lè ṣàìwọn nǹkan. Ẹsẹ̀ Ẹ̀ta Òkò, láti gìgísẹ̀ dé orí ọmọńka, kò gùn ju àtàǹpàkò mi lọ. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé iṣan rẹ̀ hàn lábẹ́ bí ìlà inú pákó afàrà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Rọ́bà tín-ín-rín kan gba imú rẹ̀ lọ sínú ikùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà fún un ní wàrà ìyá rẹ̀, mílílítà méjì péré lẹ́ẹ̀kan, ní wákàtí méjì-méjì. Wàrà yẹn, ọwọ́ ni ìyàwó mi fi ń fún un sínú kọ́ọ̀bù, pẹ̀lú ojú abẹ tí kò tíì jinná. Ọjọ́ àkọ́kọ́, kò kún ìdérí ìgò. Ó sunkún, nọ́ọ̀sì ní kó má sunkún, pé ìyẹn náà ti tó fún ikùn tí kò ju èso kékeré lọ.

Wọ́n tún máa ń gbàgbé láti mí. Mi ò mọ̀ pé irú rẹ̀ wà. Ọmọ á kàn dúró jẹ́ẹ́, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, nọ́ọ̀sì á fi ìka ta àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, á mí kanlẹ̀, á tún máa bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n ní bí ọpọlọ wọn ṣe ń gbó ni yóò máa dínkù, wọ́n sì ń fún wọn ní oògùn tó ń rán wọn létí. Èmi ò tún lè wo nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí àyà wọn.

Alẹ́ ọjọ́ kẹfà ni iná lọ. Wọ́n yí jẹnẹrétọ̀, kò dáhùn. Ẹ̀rọ tó ń kùn níbẹ̀ tọ̀sán-tòru dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, a wá ń gbọ́ mímí àwọn ọmọ. Nọ́ọ̀sì tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ó wọn ìgbóná ara Kẹ́hìndé: 35.6. Ó yíjú sí mi. "Dádì, ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yín."

Kò kọ́kọ́ yé mi. Ó tún un sọ, kò pariwo. Mo bọ́ ọ. Ó gbé Kẹ́hìndé jáde, nápì àti fìlà nìkan ló wọ̀, ó tẹ́ ẹ mọ́ àyà mi, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ bíi ti ọ̀pọ̀lọ́, ó yí orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí imú má bàa dí, ó fi ọ̀já ìyá ìyàwó mi so ó mọ́ mi pinpin. Wọ́n gbé Táíwò fún ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ dúró ti Ẹ̀ta Òkò, ẹni tí ọ́síjìn inú sìlíńdà ń gbé ró.

Ara ọmọ náà tutù sí mi bí ìgò omi. Mo ń bẹ̀rù láti mí, kí àyà mi má bàa mì í. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa mí, pé bí mo ṣe ń mí ló ń rán ọmọ náà létí láti mí. Nígbà tó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó tún wọ̀n ọ́n: 36.7. Mi ò lè sọ bó ṣe rí lára mi. Láti ọjọ́ Ẹtì, owó ni mo ń san, ìta ni mo ń dúró sí, àfi bí àlejò. Àyà mi yìí, tí mo fi ń ti pákó, òun ló mú ọmọ mi móoru.

Ọjọ́ kejì ni dókítà ṣàlàyé fún mi pé ìtọ́jú kangarúù ni wọ́n ń pè é, bí ẹranko tó ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpò ikùn, pé ìlú Bogotá ní Kòlóńbíà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1978, torí pé ínkúbétọ̀ ò tó àwọn ọmọ. Ó ní kì í ṣe ti ìyá nìkan. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa. Bí wọ́n ṣe gba ọ́síjìn kúrò nímú Ẹ̀ta Òkò báyìí, àyà mi ló di ilé rẹ̀, wákàtí mẹ́jọ, wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́. Ìrókò tí mo ti ń tò pamọ́ fún ilẹ̀kùn ilé tí mo ń kọ́, mo tà á. A fi san owó.

Ọkùnrin kan wà tó ti Ìdànrè wá, ọmọ tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Táíwò. Èmi àti ẹ̀ jọ ń sùn lórí bẹ́ǹṣì ni. Àárọ̀ Ọjọ́rú kan, ó jáde, ó na náílọ́ọ̀nù kan sí mi: kánúlà mẹ́ta (rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n ń kì bọ iṣan láti fi oògùn síni lára), òwú, ìbọ̀wọ́, síríńjì tí wọn ò tíì já. Ó ní, "Ẹ fi kún ti àwọn ìbẹ́ta." Kò sọ nǹkan mìíràn. Kòkòrò ló wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọ̀rọ̀ ò sí lẹ́nu mi. Láti ọjọ́ náà, tí nọ́ọ̀sì bá ní kí n padà lọ fọ ọwọ́, mo dúpẹ́ ni.

Ọjọ́ kẹjọ bá wa níbẹ̀. Ìyá ìyàwó mi ní ọjọ́ ìkómọ ò gbọ́dọ̀ kọjá. Wọ́n kó oyin àti iyọ̀ jọ sílé, wọ́n pe orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi wá fi bíírò kọ wọ́n sórí bébà níwájú ínkúbétọ̀, nítorí nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀.

Ohun kan tí wọn ò tètè sọ fún wa: ọmọ tó kéré tó báyìí, tó sì gba ọ́síjìn, ó yẹ kí dókítà ojú yẹ ẹ̀yìn ojú rẹ̀ wò nígbà tó bá tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Dókítà ọ̀dọ́ kan ló ta wá lólobó. Bí ẹ bá wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí, ẹ béèrè, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ méje la lò. Ọjọ́ tí a ń lọ sílé, Táíwò wà láyà ìyá rẹ̀, Kẹ́hìndé wà láyà ìyá ìyá rẹ̀, Ẹ̀ta Òkò wà láyà tèmi pẹ̀lú ọ̀já kan náà. Nígbà tí a dé Ọjà Ọba, ọkọ̀ dúró gógó, obìnrin kan tó ń ta tòmátì yọjú wo mi láti ojú fèrèsé, ó wo ọ̀já, ó pe ẹnìkejì rẹ̀ kó wá wò ó. Awakọ̀ bi mí kí ló dé. Mo sọ fún un. Kò fèsì. Ó yí gíláàsì gbogbo sókè, ó tan iná tó ń ṣẹ́jú lọ́tùn-ún lósì, ó wá ń rọra wà wá lọ, kòtò kan ò gbọn àwọn ọmọ náà títí tí a fi délé.