Ta ló lè mú àwọn ọmọ rìn nínú àbàtà ní Ẹ̀pẹ́?

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Àwọn ọmọ ti gba họ́lídè, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n jókòó ti tẹlifíṣọ̀n títí di oṣù kẹsàn-án. Ọmọ ọdún 9 ni àwọn ìbejì mi. Etí ọ̀sà la bí wọn sí, síbẹ̀ nígbà tí mo ní kí wọ́n dárúkọ ẹyẹ omi kan, "pẹ́pẹ́yẹ" nìkan ni wọ́n rí sọ. Ó dùn mí gan-an. Mo ń wá ẹni tó máa mú wa rìn nínú àbàtà, tó máa fi nǹkan hàn wọ́n, tó sì máa dárúkọ wọn. Níbo ni kí n lọ? Ta ni kí n bá?

Bàbá Tíṣà
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ kó wọn lọ sí Lekki Conservation Centre, ọgbà tí wọ́n ti ń dáàbò bo igbó àti ẹranko. Ojú títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ náà ló wà, ẹ ò ní ṣìnà. Láti 1990 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, hẹ́kítà 78 ni, wọ́n sì to pákó gba orí àbàtà kọjá, ẹsẹ̀ ò ní kan ẹrẹ̀. Mo ti kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ síbẹ̀. A débì kan, ẹni tó ń mú wa rìn gbé ọwọ́ sókè pé ká dákẹ́. Awọ́nríwọ́n kan ló nà gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó, ahọ́n ẹ̀ ń yọ síta, ó ń wọlé, kò tilẹ̀ kà wá sí. Àwọn ọmọ tó ti ń pariwo láti àárọ̀, kò sẹ́ni tó mí.

Afárá orí igi wà níbẹ̀, mítà 401. Ó ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀, ọmọ tí ẹ̀rù bá ń bà, ẹ má fipá mú un. Ẹ má sì mú oúnjẹ lọ́wọ́ gbangba, àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ á já a gbà. Ẹ tún sọ fún àwọn ìbejì pé Olóyè S. L. Edu tó dá àjọ tó ni ọgbà náà sílẹ̀ ní 1980, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni.

Ọmọ Apẹja
Bàbá Tíṣà, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ṣé ó yẹ kí ọmọ Ẹ̀pẹ́ dé Lẹ́kí kó tó rí àbàtà? Àǹtí, ẹ lọ sí etí omi láàárọ̀ kùtù, nígbà tí àwọn apẹja bá ń kó ẹja bọ̀. Ẹ wá àgbà tó ń dẹ ìgèrè, tó ń fi àjẹ̀ tukọ̀. Ẹ́ńjìnnì á ti lé gbogbo ẹyẹ lọ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Bàbá mi máa ń dá àjẹ̀ dúró tá a bá ti dé ibi tí igi ògùrọ̀ ti pọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹyẹ pupa rúsúrúsú kan, ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn gbọọrọ, ó ń rìn lórí ewé òṣíbàtà bí ẹni ń rìn lórí ẹní. Ewé náà á tẹ̀ díẹ̀, kò ní rì.

Ẹ dúnàá-dúrà kí ẹ tó wọkọ̀, kí ẹ sì san án dáadáa. Iṣẹ́ òòjọ́ ẹ̀ lẹ dá dúró.

Àdùkẹ́ Ìkòròdú
Ẹ jọ̀ọ́, láìfù jákẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Lọ́dún tó kọjá, a wọkọ̀ àwọn kan, èèyàn 6, jákẹ́ẹ̀tì 2, ìdè ọ̀kan sì ti já. Atẹ́gùn dé bá wa láàárín ọ̀sà. Ọmọ mi rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn débi tí mi ò lè yí orí. A gúnlẹ̀ láyọ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè sùn lóru ọjọ́ yẹn. Ẹ ra tiyín, ti ọmọdé gangan. Ẹ dè é fún wọn nílé, kí ẹ fà á sókè ní èjìká. Tó bá gba orí yọ, ó ti tóbi jù.

Ẹlẹ́yẹ Àgbádárìgì
Ẹ dúró di oṣù kẹjọ tí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹyẹ tó ń ti Yúróòpù wá ni kì í tíì dé nígbà yẹn, lékeléke náà sì di ọ̀gbẹlẹ̀ kó tó pọ̀, torí náà kí àwọn ọmọ má tíì máa ju èékánná sí i. Tẹ́ ẹ bá ráyè wá sọ́dọ̀ wa, ẹ máa rí igi ẹ̀gbà tí gbòǹgbò ẹ̀ dúró lórí ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn, àti ẹja tó ń fi lẹbẹ wọ́ lórí ẹrẹ̀, tí ojú ẹ̀ wú sókè bí ti ọ̀pọ̀lọ́. Omi Ẹ̀pẹ́ ò níyọ̀ tó tiwa, ògùrọ̀ ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ yín.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. A máa lọ sí Lẹ́kí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹjọ. Fún ti Ẹ̀pẹ́, mo bá ìyá tí mo ń ra àrọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ l'ọ́jà Olúwo sọ̀rọ̀. Ọkọ ẹ̀ ń dẹ ìgèrè. Mo bi bàbá náà bóyá ó mọ orúkọ àwọn ẹyẹ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n mú ìwé àti bírò dání. Jákẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ lọ rà báyìí.

Ọmọ Apẹja
Àǹtí, ẹ bá mi bi í ní orúkọ ẹyẹ pupa yẹn. Bàbá mi ti lọ kí n tó rántí béèrè.