Ìtọ̀ ṣúgà tó pa bàbá mi, ṣé òun ló ń dí mi lọ́wọ́ ọmọ?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ ọdún 34 ni mí. A ti ṣègbéyàwó tipẹ́, ìyàwó mi kò tíì lóyún. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí àléébù kankan. Èmi náà yẹ àtọ̀ mi wò, wọ́n ní kò pọ̀ tó, kò sì lágbára. Kí wọ́n tó bí mi ni bàbá mi ti ní ìtọ̀ ṣúgà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà pẹ́ kó tó bímọ. Ẹbí ń sọ pé àìsàn bàbá ló ń bá wa jà. Ṣé òótọ́ ni? Bí mo bá bí ọmọkùnrin, ṣé yóò bá òun náà?

Ìyá Bọ̀dé: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. O ṣeun tí o lọ ṣàyẹ̀wò fúnra rẹ. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin, ìyàwó nìkan ni wọ́n ń lé lọ sí ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì Àbíkẹ́: Ẹ kọ́kọ́ yẹ ṣúgà tiyín wò ná. Ọmọ ẹni tó ní irú kejì ìtọ̀ ṣúgà (type 2) tètè máa ń ní in, ó sì lè wà lára fún ọdún púpọ̀ láìfara hàn. Ẹ má jẹun mọ́jú, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín láàárọ̀. Bó bá tó 126 mg/dL, tí wọ́n tún un ṣe tí kò wálẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà nìyẹn. Láti 100 dé 125, ó ti ń bọ̀ lọ́nà. Ẹ ní kí wọ́n ṣe HbA1c pẹ̀lú, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù bíi mélòó kan sẹ́yìn hàn.

Ṣúgà tó pọ̀ lẹ́jẹ̀ máa ń ba DNA inú àtọ̀ jẹ́, ìyẹn ohun àjogúnbá tí òbí ń fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ó tún lè ba iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ jẹ́, kí àtọ̀ máa padà wọ inú àpò ìtọ̀ dípò kó jáde. Bí ohun tó ń jáde bá kéré jọjọ, ẹ má tijú, ẹ sọ fún dókítà.

Ti bàbá sí ọmọ: ní 2014, àwọn onímọ̀ kọ nípa akọ eku tí ṣúgà rẹ̀ ti ń ga. Ara àwọn ọmọ rẹ̀ kò kápá ṣúgà dáadáa, àyípadà orí DNA inú àtọ̀ sì gbé e dé ọmọ-ọmọ. Eku nìyẹn o! Ẹni tó bá ní bàbá yín ló ti ilẹ̀kùn ọmọ mọ́ yín, ẹ má dá a lóhùn.

Bàbá Ìbejì: Èmi àti bàbá mi, ìtọ̀ ṣúgà la ní. Mo jáwọ́ nínú ọtí àti mínírà, mo ń lo oògùn déédéé, mo ń rìn láàárọ̀. Dókítà ní ara ń lo nǹkan bí oṣù méjì àbọ̀ kó tó ṣe àtọ̀ tuntun, nítorí náà kí n ṣe sùúrù kí n tó padà wá. Nígbà tí mo padà, àtọ̀ mi ti sàn dáadáa. Àgbo tí wọ́n ń tà ní gáréèjì, ẹ jìnnà sí i.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ ṣeun gan-an. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi á jọ lọ ni. Nọ́ọ̀sì, bí mo bá fẹ́ tún àtọ̀ yẹ̀ wò, ṣé kí n ṣíwọ́ ìbálòpọ̀?

Nọ́ọ̀sì Àbíkẹ́: Ọjọ́ 2 sí 7, ẹ má jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ ilé lẹ ti gbà á, kó dé láàbù kí wákàtí kan tó pé. Kí dókítà sì fọwọ́ yẹ ẹpọ̀n yín wò. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú níbẹ̀ náà máa ń fa kí àtọ̀ má pọ̀ tó.