Líno: àwòrán gbígbẹ́ ni àbí òǹtẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ní ká máa pe iṣẹ́ líno (àwòrán tá a fi irin họ sójú líno, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ rírọ̀ kan, tá a fi íńkì sí, tá a wá tẹ̀ sórí pépà) ní "àwòrán gbígbẹ́" torí irin tá a fi ń ṣe é, mo ka àlàyé yín dáadáa, òótọ́ sì ni pé irin wà níbẹ̀, ẹni tó bá bá wa níbi tá a ti ń fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó họ líno lórí tábìlì á ní à ń gbẹ́ nǹkan ni. Ṣùgbọ́n ère là ń gbẹ́, ìlù là ń gbẹ́, tẹ́ẹ bá sọ fún èèyàn pé ẹ ní àwòrán gbígbẹ́ ọkọ̀ ojú omi, igi lá máa retí, pépà ló máa bá. Fín ló sún mọ́ ọn jù, torí ojú líno nìkan là ń ha, bí wọ́n ṣe ń fín igbá.

Síbẹ̀ fín náà ò tíì tó. Ẹ mú fọ́tò àtijọ́ kan, ọkọ̀ ìgbòkun tí wọ́n yà lọ́sàn-án. Àwọn gíláàsì pẹlẹbẹ tí fọ́tò máa ń wọ̀ sí lára nígbà yẹn, bíi fíìmù, àwọ̀ búlúù tètè máa ń mú wọn jù, ìdí nìyẹn tí ojú ọ̀run fi ń funfun báláú, tí okùn àti òpó ọkọ̀ wá dúdú. Tẹ́ẹ bá fẹ́ gbé e sórí líno, ojú ọ̀run lẹ máa fín dànù, ẹ ó yí okùn tín-ín-rín yẹn ká ṣùẹ̀ṣùẹ̀ kó má já. Ohun tẹ́ẹ fín kọ́ lèèyàn ń rí o, ohun tẹ́ẹ fi sílẹ̀ ni, torí ibẹ̀ ni íńkì ń lẹ̀ mọ́! "Àwòrán gbígbẹ́" wá ń sọ orúkọ ibi tá a kó dànù.

Ẹnìkan lè mú fọ́tò Frank Hurley, ayàfọ́tò tó bá ọkọ̀ Endurance rìn, ta kò mí, èyí tó yà lóru lọ́dún 1915 nígbà tí yìnyín há ọkọ̀ Endurance mọ́ inú òkun Weddell nítòsí Antarctica, tó fi iná fíláàṣì tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ọ̀run dúdú, okùn funfun, kéèyàn kàn máa fín okùn lọ ni, ó rọrùn, ó sì rẹwà gan-an. Mo gbà, níbẹ̀ ohun tá a fín ló hàn. Ṣùgbọ́n kò tíì hàn o, àfi ká fi rólà gbé íńkì lé e, ká tẹ pépà mọ́ ọn, kí òsì di ọ̀tún.

Títẹ̀ yẹn ni orúkọ rẹ̀. "Àtẹ̀jáde" ti di ti ìwé àti ìwé ìròyìn, kò ṣeé gbà padà. Òǹtẹ̀ lèmi fara mọ́: òun náà ni wọ́n ń fín sódì, tí wọ́n ń fi íńkì sí, tó ń jáde ní ọgbọọgba lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Pé èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́ ọ́fíìsì ò bà á jẹ́. "Òǹtẹ̀ líno" fún èyí tó wà lórí pépà, "líno fífín" fún èyí tá a tẹ̀ ẹ́ lára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní rọ́bà. Epo irúgbìn, ẹ̀kúnná kọ́ọ̀kì (èèpo igi tí wọ́n fi ń dí ìgò) àti oje igi ni Frederick Walton fi ṣe líno tó gba àṣẹ lé lórí ní England lọ́dún 1863, rọ́bà tí wọ́n ń fín náà sì wà lọ́tọ̀.

Ó ku ẹyọ kan tó ń dùn mí. Àwọn ìlà kéékèèké tí irin fi sílẹ̀ níbi tá a ti fín, tó ṣì ń gbé íńkì díẹ̀díẹ̀, èyí táwọn kan ń mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ kó lè di ìgbì òkun, mo ń pè é ní "àṣẹ́kù". Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó jọ̀ọ́ mú un wá.