Kí lẹ fi ń bo àgbá omi? Ọ̀rọ̀ ibà dẹ́ńgè ní Òṣogbo

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn. Ẹ̀fọn tó ń kó ibà dẹ́ńgè ranni, dúdú ni, ó sì ní ilà funfun lẹ́sẹ̀. Ojúmọmọ ló ń jẹni, pàápàá láàárọ̀ àti kí oòrùn tó wọ̀, nítorí náà nẹ́ẹ̀tì tí a ń ta lóru nìkan kò tó.

Ara àgbá ló ń yé ẹyin mọ́, díẹ̀ sókè ojú omi. Ẹyin yẹn lè wà ní gbígbẹ fún oṣù mélòó kan kó má kú. Ẹni tó bá kàn da omi nù kò tíì parí iṣẹ́. Kànìnkànìn la fi ń ha inú àgbá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ibi tó ti sú wa ni ìdérí. Tí a bá fi aṣọ bo àgbá, á rọ̀ wọ inú omi, ẹ̀fọn á tún yé sí ara aṣọ tútù náà. Ẹ̀yin aláró tí ẹ ń ṣan àdìrẹ, tí ẹ ń bu omi nígbà gbogbo, kí lẹ fi ń bo tiyín?

Ìbéèrè kejì: báwo lẹ ṣe ń ṣàlàyé fáwọn ará ilé pé kí wọ́n má fún aláìsàn ní ibuprofen tàbí aspirin? Parasítámọ́ọ̀lù nìkan ni, torí àwọn yòókù lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Tí ara tó ń gbóná bá sì rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkeje àìsàn náà, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ ká ṣọ́ ọ: inú rírun gidi, èébì tí kò dá, ẹ̀jẹ̀ lérìgì, ilé ìwòsàn ni kíá.