Ṣé wọn kò kọ̀wé nípa àwa Ògù ni, àbí èmi ni n kò mọ̀ ọ́n wá ní ilé-ìkàwé yunifásítì?

Tíṣà Etí-Ọ̀sà (Àgbádárìgì):

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mí ní Àgbádárìgì, ọmọ Ògù, tí àwọn Yorùbá ń pè ní Ègùn, sì ni mí. Mo ń kọ ìwé pẹlẹbẹ kan fún àwọn ọmọ wa nípa bí àwọn ìyá wa ṣe ń se iyọ̀ kí iyọ̀ inú àpò tó gba ọjà lọ́wọ́ wọn. Ìyá mi, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ṣì rántí bí ìyá tirẹ̀ ṣe máa ń ha ilẹ̀ oníyọ̀ jọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí yóò dà á sínú agbọ̀n, tí yóò máa bu omi lé e lórí díẹ̀díẹ̀ kí omi iyọ̀ lè máa ro sínú ìkòkò tí ó wà nísàlẹ̀, kí ó tó wá gbé omi náà ka iná títí iyọ̀ nìkan yóò fi kù nídìí ìkòkò.

Mo ti kọ èyí sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ, kí n má baà mú ohun tí ó jẹ́ ìṣe ilé tiwa nìkan, kí n sì máa pè é ní àṣà gbogbo Ògù. Ìdí nìyí tí mo fi lọ sí ilé-ìkàwé yunifásítì kan lóṣù tí ó kọjá, tí mo sì lo odindi ọjọ́ kan níbẹ̀. Ìwé nípa Yorùbá kún pẹpẹ láti òkè dé ilẹ̀. Ní ti Ògù, ojú ìwé méjì péré ni mo rí, nínú ìwé ńlá kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá lórí nǹkan mìíràn. Nígbà tí mo tẹ "Gun", bí àwọn kan ṣe ń kọ orúkọ wa, sínú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń wá ìwé, ìwé nípa ìbọn ni ó tò sílẹ̀ fún mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó sídìí tábìlì ìbéèrè kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀ nígbà tí mo bá a sọ̀rọ̀. Ó ní kí n wo ẹ̀yìn lọ́hùn-ún.

Ṣé lóòótọ́ ni wọn kò kọ nǹkan nípa wa ni, àbí èmi ni n kò mọ̀ ọ́n wá? Ṣé kí n padà síbẹ̀, àbí kí n kúkú jókòó ti àwọn àgbà wa nílé?

Ìyá Onílé-Ìkàwé (Ìkòròdú):

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo bá ọmọ tí kò gbójú sókè yẹn tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ nínú ilé-ìkàwé yunifásítì kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ìkòròdú níbí, ẹni tí ó bá gbé irú ìbéèrè yín wá ni inú mi sì máa ń dùn sí jù, nítorí àwọn tí ó pọ̀ jù kò béèrè ju ibi tí wọ́n ti lè fi iná sí fóònù lọ.

Wọ́n kọ̀wé nípa yín, ó sì pọ̀. Kì í kàn ṣe orúkọ tí ẹ ń jẹ́ nílé ni wọ́n fi kọ ọ́. Káátálọ́ọ̀gù, àkójọ orúkọ ìwé tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn, kò mọ ohun tí ìyá yín ń pe ara rẹ̀. Ohun tí òǹkọ̀wé pè yín lọ́jọ́ tí ó kọ̀wé rẹ̀ ni ó mọ̀. Àwọn Òyìnbó tí wọ́n ń ná etíkun yìí láyé òwò ẹrú ń pe àwọn ará ibẹ̀ ní "Popo". Àwọn Faransé ń kọ "Goun" tàbí "Gun". Àwa Yorùbá ń pè yín ní Ègùn, nítorí náà "Egun" ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a tẹ̀ nílẹ̀ wa. Àwọn onímọ̀ èdè ń pe èdè yín ní "Gungbe", wọ́n sì kó o mọ́ Fon, Aja àti Ewe sábẹ́ ẹbí kan tí wọ́n ń pè ní Gbe, débi pé ìwé tí ó sọ̀rọ̀ nípa èdè yín dáadáa lè má ní orúkọ yín lára rárá. Àgbádárìgì pàápàá, àwọn kan kọ ọ́ ní "Badagry", àwọn kan kọ ọ́ ní "Badagri", kọ̀ǹpútà kò sì mọ̀ pé ìlú kan náà ni. Ẹ kọ gbogbo orúkọ wọ̀nyí sínú ìwé kan kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ sì máa wá wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni irú èyí ń bá. Ẹni tí ó bá ń wá Yorùbá nínú àkọsílẹ̀ àtijọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé "Aku" ni wọ́n ń pè wá ní Sàró, pé "Nago" ni a jẹ́ lẹ́nu àwọn Faransé, pé "Lucumi" ni a jẹ́ ní Kúbà, àti pé "Jebu" ni ọ̀pọ̀ Òyìnbó kọ nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú.

Ẹ tún rántí ẹnubodè. Ní ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ fọwọ́ sí ìwé tí ó pín ilẹ̀ yín sí méjì, tí Àgbádárìgì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, sì bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Láti ìgbà náà ni àkọsílẹ̀ nípa yín ti wà ní èdè méjì. Títí di ọdún 1975 tí wọ́n yí i padà sí Benin, Dahomey ni orúkọ orílẹ̀-èdè tí Àjàṣẹ́ wà nínú rẹ̀, nítorí náà "Dahomey" ni kí ẹ wá bí ìwé náà bá ti pẹ́. Bí ẹ bá tẹ "Benin" nìkan, ère idẹ àwọn ará Ìbìní ni yóò kún ojú yín. Ẹ wá olùkọ́ èdè Faransé kan mọ́ra.

Ní ti pẹpẹ, ilé-ìkàwé kì í kó ẹ̀yà kan jọ sójú kan. Níbi tí wọ́n bá ti ń lo ètò Library of Congress, tí ó ń fi lẹ́tà àti nọ́ńbà to ìwé, ìtàn Nàìjíríà wà ní DT 515, ti ilẹ̀ Benin wà ní DT 541, ìwé nípa àṣà ẹ̀dá ènìyàn wà ní GN, àlọ́ àti ìtàn àtẹnudẹ́nu wà ní GR, òwò iyọ̀ sì lè wà ní HD láàárín ìwé ọrọ̀ ajé, níbi tí onímọ̀ àṣà kì í dé. Níbi tí ó bá jẹ́ ètò Dewey, tí ó ń fi nọ́ńbà nìkan to ìwé, ni wọ́n ń lò, 966.9 ni Nàìjíríà, 966.83 sì ni Benin. Bí ẹ bá ti rí ìwé kan ṣoṣo tí ó dára, ẹ má sáré kúrò níbẹ̀. Ẹ wo èyí tí ó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀, kí ẹ sì ṣí ojú ìwé tí ó kẹ́yìn, níbi tí òǹkọ̀wé ti to àwọn ìwé tí òun kà sílẹ̀. Bàbá kan wà tí ó máa ń wá sọ́dọ̀ wa nígbà náà, ẹ̀yìn ìwé ni ó máa ń kọ́kọ́ kà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wa ń fi í rẹ́rìn-ín. Bàbá náà ni kò lo ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kí ó tó rí ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi ọdún kan wá.

Ọmọ Kòsọ́kọ́ (Ẹ̀pẹ́):

Màmá ti sọ ti ìwé tí wọ́n tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ti èyí tí wọn kò tẹ̀ kún un. Nígbà tí mo ń kọ àpilẹ̀kọ mi nípa Ọba Kòsọ́kọ́, ẹni tí ó sá wá sí Ẹ̀pẹ́ lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, tí kò sì padà sí Èkó títí di ọdún 1862, mo rò pé inú ìwé ìtàn ni gbogbo rẹ̀ yóò wà. Inú ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni mo ti rí ohun gidi.

Ohun kan tí ó fi oṣù kan ṣòfò fún mi nìyí, kí ó má baà ṣẹlẹ̀ sí Tíṣà. Àgbádárìgì, Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú wà lábẹ́ Kọ́lónì Èkó láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò sí lábẹ́ ẹkùn bí Abẹ́òkúta tàbí Ìjẹ̀bú. Inú fáìlì kọmíṣọ́nnà Kọ́lónì ni ọ̀rọ̀ yín wà, tí wọ́n kọ "Comcol" sí lára. Àwọn fáìlì akọ̀wé àgbà ìjọba náà wà, "CSO 26" ni ẹ óò rí lára wọn. Ẹni tí ó bá lọ ń wá Àgbádárìgì nínú fáìlì Abẹ́òkúta yóò padà sílé lọ́wọ́ òfo, bí èmi náà ṣe padà nígbà tí mo ń wá Ẹ̀pẹ́ nínú ti Ìjẹ̀bú.

Àwọn ìwé CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Áńgílíkà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù Kìíní ọdún 1845 ni Townsend, Gollmer àti Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, wọ́n sì dúró níbẹ̀ ju ọdún kan lọ kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó là fún wọn. Àwọn míṣọ́nnárì yìí máa ń kọ ohun tí ojú wọn rí lójoojúmọ́ ránṣẹ́ sí ìlú ọba. Ó ṣòro fún mi láti gbà pé ènìyàn yóò jẹun nílùú kan fún gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn kí ó má dárúkọ iyọ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ìròyìn àwọn àjẹ́lẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n kọ láàárín ọdún 1930 sí 1940. Wọ́n kó ìtàn ìlú jọ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ owó orí àti ẹni tí yóò jẹ ọba ni ó gbé wọn débẹ̀, àwọn tí wọ́n bi léèrè sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní Ẹ̀pẹ́ wa níbí, ohun tí Èkó Ẹ̀pẹ́, ìyẹn ọmọ àwọn tí ó bá Kòsọ́kọ́ wá, yóò sọ nípa ẹni tí ó kọ́kọ́ dé kọ́ ni Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ yóò sọ. Ẹ máa wo ẹni tí àjẹ́lẹ̀ jókòó tì kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Pẹ́ńsù ni kí ẹ mú lọ. Ẹ má fi bíírò sún mọ́ ìwé àtijọ́. Nọ́ńbà fáìlì àti ojú ìwé ni kí ẹ sì kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí ẹ tó da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ. Ìwé àkọsílẹ̀ méjì ni mo kọ kún láìkọ nọ́ńbà kankan sí i, owó ọkọ̀ Ìbàdàn ni mo sì tún san lẹ́ẹ̀kejì nítorí rẹ̀.

Alákọ̀wé Ọ̀sà (Ìkòròdú):

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, wàhálà yìí pọ̀ jù. Gbogbo nǹkan ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé kan wà nípa Àgbádárìgì láti ọdún 1784 sí 1863, tí wọ́n kọ ní Yunifásítì Stirling ní Scotland lọ́dún 1995, ọ̀fẹ́ sì ni ènìyàn lè kà á lórí fóònù. Kí ni Tíṣà ń wá lọ sí Ìbàdàn?

Ìyá Onílé-Ìkàwé (Ìkòròdú):

Ọmọ mi, o ṣeun. Tíṣà, ẹ ka ìwé tí ó dárúkọ yẹn kí ẹ tó jáde nílé rárá. Ṣùgbọ́n òwò àti ìṣèlú ìlú ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń lé, kì í ṣe ìkòkò iyọ̀ ìyá ẹnìkan. Àpilẹ̀kọ tí ọmọ Ajárá tàbí ọmọ ìlú mìíràn lẹ́bàá ibẹ̀ kọ nípa ilé bàbá rẹ̀ kí ó tó gba oyè àkọ́kọ́, orí pẹpẹ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìtàn tàbí ti èdè ni ó máa ń wà, eruku sì ni ó ń bò ó. Ọ̀nà Àgbádárìgì gan-an ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà, ní Ọ̀jọ́, láti ọdún 1983. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ìwé ìtàn ìlú pẹlẹbẹ tí àwọn bàbá wa fi owó ara wọn tẹ̀, ẹ wá a ní Ìbàdàn, nítorí láti ọdún 1950 ni òfin ti ní kí wọ́n máa kó ìwé tí a bá tẹ̀ nílẹ̀ yìí lọ sí ilé-ìkàwé yunifásítì ibẹ̀.

Kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ yín kọ lẹ́tà tí ó sọ ẹni tí ẹ jẹ́ àti ohun tí ẹ ń wá fún yín, kí ó lu òǹtẹ̀ sí i. Ẹ kọ orúkọ olórí ilé-ìkàwé sórí rẹ̀. Ẹni tí ó mú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ dání, wọn kì í sọ fún un pé kí ó wo ẹ̀yìn lọ́hùn-ún.

Tíṣà Etí-Ọ̀sà (Àgbádárìgì):

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá Màmá. Mo padà lọ lánàá tòun ti lẹ́tà, orúkọ mẹ́jọ sì wà nínú ìwé tí mo mú dání. "Popo" nìkan mú ìwé mẹ́rin jáde. "Dahomey" ni ó mú mi dé DT 541, níbi tí mo ti rí ìwé Faransé kan tí ó ní orí kan lórí iyọ̀ etí ọ̀sà. Mo ya fọ́tò ojú ìwé mọ́kànlá lẹ́yìn tí wọ́n gbà mí láàyè.

Lálẹ́, ẹlẹgbẹ́ mi tí ó ń kọ́ni ní Faransé wá sílé, ó ń túmọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi náà sì ń sọ ọ́ fún ìyá mi ní èdè wa. Ìyá mi ń mi orí títí ó fi dé ibi tí ọkùnrin tí ó kọ ìwé náà ti sọ pé gbogbo obìnrin abúlé ni ó jùmọ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń se iyọ̀. Ó ní irọ́ ni, pé ìdí àdògán kọ̀ọ̀kan ní ìdílé tí ó ni ín, ó sì ka ìdílé márùn-ún sílẹ̀ lórí ìka rẹ̀. Mo ti kọ ti ọkùnrin náà sí apá òsì, mo kọ ti ìyá mi sí apá ọ̀tún. Ọ̀la ni mo fẹ́ lọ bá àwọn ìdílé márààrún náà, kí n tó gba Ìbàdàn lọ wá fáìlì Comcol. Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Kòsọ́kọ́, ẹ jọ̀wọ́, ṣé wọ́n ń ṣí ilé ìpamọ́ náà lọ́jọ́ Sátidé?