Ilé ti dé líńtẹ̀lì, oyún ti pé oṣù 6: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Onílé Ọ̀la:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Lẹ́yìn ọdún 4 tí a ti ń retí, ìyàwó mi ti lóyún, ó ti pé oṣù 6. Ilé oníyàrá 3 tí à ń kọ́ ní Moniya, n'Ìbàdàn, ti dé líńtẹ̀lì, ìyẹn òkè ojú fèrèsé. Ilé la ṣì ń háyà ní Agbowó. Owó ọwọ́ mi ò lè kan páànù kó tún gbọ́ ti ìbímọ. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n yá owó lórí fóònù. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ta ni yóò sì máa tọ́jú ọmọ bí ìyá rẹ̀ bá padà sí iléeṣẹ́ omi tó ti ń ṣiṣẹ́?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú oríire, bọ̀ọ̀dá. Ẹ ó gbóhùn ìyá, ẹ ó gbóhùn ọmọ. Ẹ ya owó iṣẹ́ abẹ sọ́tọ̀ ná, ẹ má fọwọ́ kàn án. A ò gbàdúrà rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi náà ò rò ó rárá. Òru ni dókítà ní àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, ọkọ mi sì ti fi gbogbo owó ra páànù. Aago 2 òru ló ń bẹ oníṣòwò páànù lórí fóònù pé kó dá díẹ̀ padà. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má jẹ́ kí ìyàwó yín gbọ́ irú rẹ̀. Bí ẹ ò bá ná an, ẹ fi kanlé lẹ́yìn ìkómọ.

Ọmọ Bíríkìlà:
Ilé yẹn lè dúró dè yín. Símẹ́ńtì ni kò lè dúró. Ẹ má rà á pamọ́ torí pé ó ń wọ́n sí i, bó bá ti ń lọ sí oṣù 3, agbára rẹ̀ ti ń dínkù. Mo ti fi òòlù fọ́ àpò 12 tó dì gbagidi nílé oníbàárà kan, ìyàwó rẹ̀ ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ kàn rẹ́ orí ògiri kí òjò má wọ ihò búlọ́ọ̀kù. Tówó bá dé, ẹ kan páànù, ẹ parí yàrá 1, ilé ìdáná àti balùwẹ̀, kẹ́ ẹ kó wọlé, kẹ́ ẹ bọ́ lọ́wọ́ owó ilé.

Akápò Àjọ:
Ẹ sá fún owó orí fóònù! Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sàn jù, tiwa ń yáni ní ìlọ́po 2 ohun téèyàn ti fi pamọ́. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún aláboyún ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, àmọ́ ìdajì owó oṣù ló kàn án nípá fún iléeṣẹ́ láti san, bó bá ti lo oṣù 6 níbẹ̀. Ìdajì yẹn ni kẹ́ ẹ fi ṣírò.

Àǹtí Kírẹ́ẹ̀ṣì:
Òfin kan náà fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Nítorí náà, ẹ wá kírẹ́ẹ̀ṣì tó sún mọ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ìtòsí ilé. Oṣù 6 àkọ́kọ́, ọmú nìkan, ẹ ò ní ra mílíìkì. Ẹ yọjú síbẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀ lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ wo ìlédìí àwọn ọmọ. Bó bá jẹ́ ìyá yín ló ń bọ̀ wá wẹ ọmọ, ẹ fún wọn lówó lóṣooṣù. Ọjà wọn ni wọ́n pa tì.

Onílé Ọ̀la:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétí ìyàwó mi. Owó tí mo fẹ́ fi ra páákó ti wọ àkáǹtì rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Sátidé ni mo ń lọ rẹ́ orí ògiri. Màmá rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn ti ní àwọn ń bọ̀, a ò sì tíì bi wọ́n léèrè ọjà wọn rí. Alẹ́ òní la máa pè wọ́n.